Bí a ṣe ń dá irin àtíbàbà tó ti yọ padà sára ògiri fáíbà RV

Bí ẹ bá rí i pé irin tó di àtíbàbà mú lára RV yín, ìyẹn ọkọ̀ tí a ń gbé inú rẹ̀ bí ilé, ti ń mì, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn ni kí ẹ lọ ra síkúrù tó sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á.

Èmi náà rà á nígbà kan. Galveston la wà, létí òkun ní Texas, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo na àtíbàbà síta, mo to àga sábẹ́ rẹ̀, mo ní kí n sáré wọlé lọ ro ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Kí n tó jáde, afẹ́fẹ́ ti gbé aṣọ náà sókè, irin apá ọ̀tún sì ti fa síkúrù méjì tu lára ògiri. Mo lọ ra èyí tó sanra, mo yí i wọlé, ó dúró digbí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ihò tí kò gbà ju orí bírò lọ tẹ́lẹ̀ ti ń gba àtàǹpàkò mi.

Àtíbàbà tí mò ń sọ ni aṣọ gígùn tí wọ́n ká mọ́ ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tí a máa ń na síta bí oòrùn bá mú. Awning ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Apá irin méjì ló ń gbé e, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Irin ìdìmú kan wà lókè apá kọ̀ọ̀kan, òmíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, síkúrù ni wọ́n sì fi kan gbogbo wọn mọ́ ògiri. Etí aṣọ fúnra rẹ̀ wọ inú ojú-ọ̀nà ọ̀pá àlùmíníọ̀mù gígùn kan tó wà lókè ògiri. Àwọn irin ìdìmú ló máa ń yọ jù, nítorí náà àwọn ni màá dúró lé lórí.

Ohun tó wà nínú ògiri náà

RV tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú wọn ń ti agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana wá, kò ní ògiri bí àwa ṣe mọ ògiri. Bí ẹ bá gé èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe wò, ẹ ó rí i pé ìpele-ìpele ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lóde ni awọ fáíbà wà, kì í sábà nípọn ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Plywood pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní luan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn tó bíi mìlímítà 3. Ọkọ̀ tuntun mìíràn kì í lo igi níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti fi ohun tó dà bí ike rọ́pò rẹ̀ kí omi má baà rí i bà jẹ́. Lẹ́yìn luan ni fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ inú páálí. Lẹ́yìn fóòmù, luan mìíràn, tí wọ́n lẹ bébà aláràbarà mọ́, òun sì ni ògiri tí ẹ ń rí nínú ilé. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí ínṣì 2 ni.

Àárín fóòmù yẹn ni egungun ọkọ̀ wà: àwọn òpó àlùmíníọ̀mù onígun mẹ́rin tí inú wọn ṣófo, tàbí igi nínú ọkọ̀ mìíràn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà tún lè ti fi irin pẹlẹbẹ há ibi tí wọ́n mọ̀ pé àtíbàbà máa wà. Egungun yìí ló ń gbé ẹrù. Awọ fáíbà nìkan kò lè gbé ẹrù àtíbàbà, òjò ló ń lé. Síkúrù tó bá wọ fáíbà àti luan nìkan, ohun tó rí dì mú kò ju mìlímítà 5 lọ, ìyókù rẹ̀ wà nínú fóòmù tí èékánná lásán lè gbẹ́.

Ẹ wá wo ohun tó ń fà á. Àtíbàbà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16, tó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 8, aṣọ rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 128 níbùú lóròó. Bí afẹ́fẹ́ tó ń sáré máìlì 25 ní wákàtí kan bá kọ lu gbogbo rẹ̀ tààrà, agbára tó fi ń tì í sún mọ́ ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Síkúrù bíi mẹ́jọ ló máa pín in, kì í sì í pín in dọ́gba: èyí tó wà lókè níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló ń jẹ ìyà jù.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun

Ibi tí ènìyàn ti lè fara pa nìyí, ẹ má fò ó.

Bí àtíbàbà yín bá jẹ́ èyí tí a ń fi ọwọ́ fà, sípíríǹgì tó ti lọ́ pọ̀ gidigidi wà nínú ọ̀pá tó ká aṣọ mọ́ra. Ẹni tó bá tú apá kúrò lórí ọ̀pá yẹn láìkọ́kọ́ há sípíríǹgì náà, ọ̀pá á yí wìrìwìrì, ohunkóhun tó bá so mọ́ orí rẹ̀ á sì máa gbá yí ká bí abẹ́ fáànù. Wọ́n máa ń lu ihò kékeré sí ìdérí orí ọ̀pá fún píìnì tí a fi ń há a. Ìwé tó bá àtíbàbà yín wá á fi ibẹ̀ hàn yín. Ní ti èyí tó ń lo iná, ẹ tú orí bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ tún wò ó bóyá ọ̀pá gáàsì wà lára apá rẹ̀, irú èyí tó ń gbé ìdérí bùùtù mọ́tò sókè. Ọ̀pá gáàsì yẹn kì í sùn; bí ẹ bá tú u sílẹ̀, ó máa ju apá náà síta lójijì.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò nílò kí ẹ tú apá kúrò lórí ọ̀pá rárá. Ẹ ká àtíbàbà wọlé pátápátá. Ẹ fi bẹ́líìtì ẹrù di apá kọ̀ọ̀kan mọ́ra ní ibi méjì, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ fi igi ti apá náà lábẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ má baà wà lórí ògiri. Lẹ́yìn náà, irin ìdìmú kan ṣoṣo ni kí ẹ tú lẹ́ẹ̀kan. Bí ti òkè bá ṣí, ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì wà ní dídè. Ẹ pe ẹnì kan wá dúró tì yín. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn láti dá iṣẹ́ ṣe lórí àkàbà, àmọ́ ẹni tó wà lórí àkàbà kò ní ọwọ́ kẹta.

Ẹ wọ aṣọ apá gígùn, kí ẹ fi nǹkan bo ojú àti imú. Ẹni tí wèrèpè bá ti kàn lára rí nínú igbó ti mọ bí eruku fáíbà ṣe ń rí. Kì í bọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n. Omi tútù ni kí ẹ fi ṣàn án kúrò lára.

Síkúrù máa ń jẹ́rìí

Ẹ yọ àwọn síkúrù tó kù níbẹ̀, kí ẹ gbé wọn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀pẹ̀ àlùmíníọ̀mù tó ń dán láàárín eyín síkúrù, ó ti dé ara egungun tẹ́lẹ̀, eyín tó gé sínú òpó ló jẹ. Bí ó bá jáde ní mímọ́ tónítóní, tí fóòmù funfun díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kò bá egungun pàdé rárá. Ẹni tó kàn án ṣìnà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá dípẹtà, tí igi dúdú tó rọ̀ sì tẹ̀ lé e jáde, omi ti ń wọ ibẹ̀, ó sì ti pẹ́.

Ẹ wá fi egungun ìka yín kan ògiri yí ihò náà ká. Ibi tó dára á dún kọ̀kọ̀. Ibi tí fáíbà ti ya kúrò lára luan á dún gbùgbù bí ìlù tí awọ rẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù yí ibi tó ń dún gbùgbù ká. Bí ó bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, iṣẹ́ yìí ti kúrò ní ti irin ìdìmú, ògiri fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ẹ gbé e fún àwọn tó ń ṣe ògiri. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin inú igi kò wọ́n. Ẹ ti abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ ihò síkúrù títí tó fi kan luan. Bí ó bá ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, igi náà ṣì tutù, kò tíì yẹ kí ẹ dí i.

Báwo la ṣe ń mọ ibi tí òpó àlùmíníọ̀mù wà? Màgínẹ́ẹ̀tì kò ní fà mọ́ àlùmíníọ̀mù, ẹ má fi ìyẹn dá ara yín láàmú, àfi bí ẹ bá ń wá irin pẹlẹbẹ tí wọ́n há sínú. Ohun tó ṣiṣẹ́ jù fún mi kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ẹ jí ní ìdájí ọjọ́ tí ìrì bá sẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àlùmíníọ̀mù ń gbé ooru inú ilé jáde yá ju fóòmù lọ, nítorí náà ìrì kì í sẹ̀ dọ́gba lórí ibi tí òpó wà àti ibi tí kò sí. Gbogbo egungun ọkọ̀ á yọ lára ògiri bí ìhà ajá tí kò jẹun kánú. Ẹ lẹ téèpù bébà mọ́ ojú ìlà wọn kí oòrùn tó là. Ẹni tó bá fẹ́ rí i lójú korokoro lè ra kámẹ́rà olókùn tín-ín-rín tó ń so mọ́ fóònù, kó tì í bọ inú ihò síkúrù.

Kí ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn fáíbà kí ẹ tó ti nǹkan bọ̀ ọ́, òun ni iṣẹ́ náà gan-an. Lílu ihò àti yíyí síkúrù kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Bí síkúrù bá ti bá egungun pàdé tẹ́lẹ̀

Èyí ló rọrùn jù. Ara òpó àlùmíníọ̀mù kò nípọn, síkúrù tí ẹ bá ti yí wọlé tí ẹ tún yí jáde lẹ́ẹ̀mejì ti jẹ eyín rẹ̀ tán. Ẹ lè lo síkúrù tó sanra díẹ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ihò náà kò bá tíì di òfìfo. Àmọ́ rivnut dára jù ú lọ. Nọ́ọ̀tì kékeré kan ni tí ara rẹ̀ rí bí ọ̀pá ìmumi. Ẹ ó ti i bọ inú ihò, ẹ ó fi irinṣẹ́ rẹ̀ fà á, ara rẹ̀ á wú lẹ́yìn àlùmíníọ̀mù, á há síbẹ̀ títí láé. Bóòtù lẹ ó máa yí sínú rẹ̀ láti ìgbà náà lọ, ẹ sì lè tú u nígbà ọgọ́rùn-ún kó má jẹ eyín.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kùnà ni ìnípọn. Rivnut tí ẹ bá rà gbọ́dọ̀ lè gba fáíbà, luan àti ara òpó pọ̀ kó tó wú. Bí ó bá kúrú, inú luan ló máa wú sí, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti wá nìyẹn. Ẹ tẹ wáyà tín-ín-rín bí ìwọ̀, ẹ tì í bọ ihò, ẹ fi ìwọ̀ náà há ẹ̀yìn àlùmíníọ̀mù, ẹ sàmì sí ibi tó ti kan fáíbà lóde, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n yẹn lẹ máa fi ra rivnut. Ẹ̀yìn páálí rẹ̀ ló máa sọ bí ihò ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, ẹ má fojú díwọ̀n.

Bí kò bá sí egungun níbẹ̀

Bí òpó bá wà nítòsí, tí apá àtíbàbà sì lè sún bí ínṣì kan tàbí méjì láìdí aṣọ lọ́wọ́ láti ká wọlé, ẹ sún irin ìdìmú lọ bá a, kí ẹ dí ihò àtijọ́. Kò sí ohun tó sàn ju kí síkúrù bá egungun pàdé.

Bí kò bá ṣeé sún, ẹ lu ihò já. Bóòtù á gba ìta wọlé dé inú ilé, irin pẹlẹbẹ á sì wà nínú láti gbà á. Èyí ló lágbára ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó sì lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí lẹ́yìn àga níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í rí i. Ẹ yẹ inú ilé wò kí ẹ tó lu nǹkan kan: ṣé wáyà iná gba ibẹ̀ kọjá, ṣé páìpù omi wà níbẹ̀? Wáyà tó lọ sínú mọ́tò àtíbàbà fúnra rẹ̀ máa ń gba nítòsí irin ìdìmú. Ẹ yọ wáyà tó ń gbé iná láti ìta wọ ọkọ̀, kí ẹ pa gbogbo bíréékà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà. Bí ẹ bá ti bóòtù gba inú fóòmù, tí ẹ wá fi sípánà fún un, ògiri á tẹ̀ wọnú bí tìmùtìmù, awọ fáíbà á sì là wẹ́wẹ́ yí i ká. Ohun líle kan gbọ́dọ̀ wà yí bóòtù ká nínú fóòmù tó máa gba ìfúnmọ́ náà. Epoxy, ìyẹn oje tí a ń pò mọ́ oògùn kan tó ń mú un le gbagidi, ni màá fi ṣe é, bí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ṣe ń ṣe. Epoxy kan náà yìí ló ń wo ibi tí omi ti bà jẹ́ sàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún méjèèjì.

Iṣẹ́ epoxy

Ẹ lẹ téèpù bébà mọ́ ojú ibi tí ẹ fẹ́ lu. Ẹ fi dírìlì tó fẹ̀ ní ìdajì ínṣì lu fáíbà àti luan ìta nìkan. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ara irin dírìlì náà ní ibi tí ẹ fẹ́ kó dúró, kó má lọ yọ sínú ilé. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dírìlì máa yí sẹ́yìn títí yóò fi gé awọ dídán tó wà lójú fáíbà, kí ẹ tó yí i síwájú. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ síwájú tààrà, ó máa ń ṣẹ́ etí ihò náà wẹ́wẹ́, àbùkù yẹn á sì wà níbẹ̀ títí.

Ẹ tẹ ìṣó gígùn kan ní orí, ẹ dè é mọ́ ẹnu dírìlì, ẹ tì í bọ inú ihò, kí ẹ sì jẹ́ kó yí díẹ̀díẹ̀. Ó máa gé fóòmù tó wà yí ihò ká ní bí ìdajì ínṣì, á sì gbẹ́ igi tó ti jẹrà náà jáde. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fa gbogbo rẹ̀ mọ́. Bí igi bá ṣì tutù, ẹ dúró. Ẹ tan fáànù sí i, ẹ bò ó kí òjò má baà wọ̀ ọ́, ọjọ́ mélòó kan ló máa gbà. Epoxy kì í mú igi tútù.

Ìkìlọ̀ méjì wà níbí tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ má fi oje polyester tí àwọn panẹbítà fi ń dí fáíbà dípò epoxy. Àwọn méjèèjì jọra lójú, àmọ́ polyester ń yọ́ fóòmù funfun yẹn bí omi gbígbóná ṣe ń yọ́ ṣúgà. Ẹ ó dà á sínú ihò kékeré, ẹ ó sì bá kòtò ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, ohun kan náà ni acetone àti bẹntiróòlù máa ṣe sí fóòmù, nítorí náà ọtí líle tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ni kí ẹ fi nu ibẹ̀.

Epoxy tí mò ń lò ni ti ilé iṣẹ́ West System, oje 105. Bí ẹ bá wà níbi tí ooru pọ̀ bíi Texas, hardener 206, ìyẹn oògùn tó ń mú oje le, ni kí ẹ rà, kì í ṣe 205. Oje márùn-ún sí hardener kan ni ẹ ó pò, pọ́ńpù wọn ló sì ń wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀: ẹ tẹ pọ́ńpù oje lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ ti hardener lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má rò pé bí ẹ bá fi hardener kún un, ó máa yá le. Ṣe ni kò ní le dáadáa mọ́. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá wà ní bíi ìwọ̀n Celsius 22, 205 á bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú kọ́ọ̀pù láàárín ìṣẹ́jú 9 sí 12. 206 á fún yín ní ìṣẹ́jú 20 sí 25. Nínú oòrùn ọ̀sán Houston, kò tó bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni mò ń ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tàbí òwú orí igi pa epoxy lásán sí inú ihò, kí luan mu ún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ìyẹ̀fun tó ń mú un ki sínú ìyókù, 406 tàbí 404, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi dà bí ọṣẹ dúdú tó rọ̀: kó dúró lórí igi tí ẹ fi ń rò ó láìṣàn. Ẹ rọ ọ́ sínú abẹ́rẹ́ ńlá tí ẹ ti gé ẹnu rẹ̀, ẹ ti ẹnu náà dé ìsàlẹ̀ ihò, kí ẹ máa fa abẹ́rẹ́ jáde bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú. Ẹ má kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ihò náà bá tóbi. Epoxy tó bá pọ̀ níbi kan máa ń gbóná, mo ti rí èyí tó ń rú èéfín nínú kọ́ọ̀pù, ooru yẹn sì lè yọ́ fóòmù. Ẹ kún un dé ìdajì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá kún ìyókù. Téèpù ni kí ẹ lẹ bò ó lójú kó má baà ṣàn jáde.

206 máa ń gba wákàtí 10 sí 15 kó tó le. Mi ò ní í fi ẹrù kankan sórí rẹ̀ kó tó tó ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ lu ihò bóòtù gba àárín epoxy tó ti le náà. Ti bóòtù 1/4 ínṣì ló wọ́pọ̀ jù. Bí ẹ bá ń lù ú já sínú ilé, ẹ fi pákó ti ògiri inú kó má ṣẹ́. Ẹ fi irin dírìlì tó sanra gé etí ihò fáíbà díẹ̀ kó rí bí ẹnu àwo; etí tó mú ni fáíbà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í là. Nínú ilé, àlùmíníọ̀mù pẹlẹbẹ tó nípọn ní 1/8 ínṣì, tó fẹ̀ ju irin ìdìmú ìta lọ, ni ẹ ó fi gba gbogbo bóòtù irin náà pọ̀. Wáṣà kéékèèké nìkan kò tó, wọ́n máa ń rì wọ inú luan.

Ìdè àti ìdíkùn

Bóòtù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Níbi tí irú bóòtù bẹ́ẹ̀ bá ti kan àlùmíníọ̀mù, tí omi, pàápàá omi iyọ̀ létí òkun, sì wà láàárín wọn, àlùmíníọ̀mù ló máa jẹ, á máa di ìyẹ̀fun funfun. Ẹ fi Tef-Gel tàbí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ pa eyín bóòtù kí ẹ tó yí i.

Ẹ yọ gbogbo ìdíkùn àtijọ́, ìyẹn ohun tí wọ́n fi dí etí irin kí omi má baà wọlé, kúrò pẹ̀lú abẹ ike, kí ẹ sì fi ọtí líle nu ojú fáíbà. Butyl, ìyẹn téèpù dúdú tàbí eérú tó rọ̀ bí oje igi, ni kí ẹ fi sí ẹ̀yìn irin ìdìmú, kí ẹ ká díẹ̀ mọ́ ọrùn bóòtù kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún bóòtù títí butyl yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní etí, kí ẹ dúró. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún fún wọn díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ gé èyí tó yọ jáde dànù. Ẹ wá fa ìdíkùn tí kì í ṣàn sí òkè irin náà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí omi tó bá rọ́nà wọlé lè rọ́nà jáde. Mi ò fẹ́ silicone níbẹ̀. Bí ẹ bá ti fi silicone pa fáíbà lónìí, kò sí ohun mìíràn tó máa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ lọ́la.

Kí ẹ tó tú bẹ́líìtì

Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin ìdìmú, kí ẹnì kejì máa mi apá náà. Kò gbọdọ̀ sí ohun tó ń sún lábẹ́ ọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú bẹ́líìtì, kí ẹ yọ píìnì sípíríǹgì tàbí kí ẹ dá iná padà, kí ẹ na àtíbàbà dé ìdajì ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, kí ẹ ká a padà, kí ẹ tún wò ó. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ nà án tán. Ẹ jẹ́ kí orí kan rẹ̀ rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, nítorí òjò tó bá dágún sínú aṣọ, lítà kan rẹ̀ kílò kan ni, kì í sì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kí omi tó wà níbẹ̀ tó pọ̀ ju ohun tí ẹ lè fi ìgbálẹ̀ tì dànù.

Èmi ò tún fi ti wa sílẹ̀ ní nínà nígbà tí mo bá wọlé lọ ro ọbẹ̀. Mo sì fi kun funfun fa ìlà kékeré kan láti orí bóòtù kọ̀ọ̀kan dé ara irin ìdìmú. Bí a bá dé ibùdó lẹ́yìn ìrìn àjò, mo kàn máa ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, màá wo ìlà mẹ́jọ náà. Èyí tí ìlà rẹ̀ bá ti ṣẹ́ ni mo mú sípánà fún.